Ìwé-ẹ̀rí wà lọ́wọ́, àṣẹ kò sí: Wàhálà òṣìṣẹ́ ìlera tí ogun lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́

Kò sí àgbà kan ní Èjìgbò tí wọ́n máa ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ìtàn Àbíjàn fún. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ìlú náà, pẹ̀lú àwọn ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn, Másífà àti àwọn ìletò yòókù tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kútọnu, Lomé àti Accra, títí dé Elubo, kí wọ́n tó wọ ilẹ̀ Ivory Coast. Mọ́tò ń gbéra ní Èjìgbò lọ sí Àbíjàn tààrà, owó sẹ́fà kì í ṣe ohun àjèjì nínú ìlú náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá sọ èdè Faransé láàrin ọjà kò ní í pẹ́ rí ẹni tó máa dá a lóhùn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ohun tó bá ṣe Àbíjàn, kì í pẹ́ tí Èjìgbò fi ń gbọ́.

Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002, ìbọn dún ní Àbíjàn, ní Bouaké àti ní Korhogo. Àwọn ọmọ ogun tó dìtẹ̀ kò rí Àbíjàn gbà, ṣùgbọ́n wọ́n gba Bouaké àti apá àríwá orílẹ̀-èdè náà, ó sì di ọdún 2007 kí àdéhùn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀ tó wáyé. Kò tíì pẹ́ sí i tí ìbò ààrẹ ti ìparí ọdún 2010 tún dá ìjà sílẹ̀ láàrin Laurent Gbagbo àti Alassane Ouattara. Nígbà tí wọ́n fi máa mú Gbagbo ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹrin, ọdún 2011, èèyàn bíi 3,000 ti kú. Ní ìgbà méjèèjì, ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ló di ẹrù tí apá wọn ká, tí wọ́n forí lé ilé.

Ìtàn àwọn oníṣòwò tó padà wálé ti di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ẹni tó ń ta aṣọ lọ́hùn-ún, bó bá ti rí owó díẹ̀ yá, á pa tẹ̀ẹ̀ẹ́tẹ̀ rẹ̀ sójú ọ̀nà. Aránṣọ tó sá dé láìmú nǹkan kan lọ́wọ́, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló fi máa tún ìgbésí ayé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bíríkìlà kò tilẹ̀ nílò ju ṣíbí àti okùn lọ. Kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n pé ta ló fún wọn láṣẹ.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ńkọ́? Agbẹ̀bí tó ti gba ẹ̀bí àìmọye ọmọ ní Treichville tàbí Adjamé ńkọ́, àti dókítà, apòògùn, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò? Iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí wà ní orí wọn àti ní ọwọ́ wọn, kò sí ọlọ́ṣà tàbí sójà tó lè gbà á. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti sọdá bodè báyìí, iṣẹ́ náà di èèwọ̀ fún wọn.

Òfin ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òfin náà sì ní ìdí. Ní Nàìjíríà, àjọ tó ń jẹ́ Nursing and Midwifery Council of Nigeria ló ń fún nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní ìwé-àṣẹ. Medical and Dental Council of Nigeria, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí MDCN, ló ń bójú tó dókítà àti oníṣègùn eyín. Apòògùn ní àjọ tirẹ̀, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ní tirẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé àjọ tó kàn án, tó wá gún èèyàn ní abẹ́rẹ́ lórúkọ iṣẹ́ náà, ẹ̀ṣẹ̀ ló dá, ì báà jẹ́ pé ó mọ iṣẹ́ ju ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn lọ.

Dókítà tó kàwé ní òkè òkun gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò MDCN, kó sì ṣe iṣẹ́ ọdún kan lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ilé ìwòsàn tí wọ́n fọwọ́ sí, kó tó dá dúró. Kò sí ẹni tó lè bínú sí ìyẹn. Orílẹ̀-èdè tí ayédèrú dókítà ti ń ṣí ilé ìwòsàn ní ìgboro kò gbọ́dọ̀ dẹ ọwọ́. Nígbà tí ogun Russia àti Ukraine bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2022, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ sá wálé, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọn sì ń bá wọn ṣe kíláàsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, MDCN kéde lọ́dún náà pé òun kò ní í gba ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n bá fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ gbà. Ó dun àwọn òbí tó ti náwó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi fóònù kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ikùn aláìsàn láti mọ ibi tó ti ń dùn ún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há gan-an kì í ṣe ìdánwò. Ìwé kan ni.

Káàkiri àgbáyé, àjọ tó ń fúnni ní àṣẹ iṣẹ́ ìlera kì í fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó ni ín nìkan. Wọ́n máa ń fẹ́ kí àjọ orílẹ̀-èdè tó ti ń bọ̀ kọ lẹ́tà ránṣẹ́ fúnra wọn, pé lóòótọ́ ni ẹni yìí kàwé lọ́dọ̀ wa, pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé wa, pé kò sì sí ẹjọ́ lọ́rùn rẹ̀. Àwọn òbí tí ọmọ wọn jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń wá ọ̀nà àtilọ sí Britain tàbí Canada, mọ lẹ́tà yìí dáadáa. Lórí rẹ̀ ni ariwo sọ ní oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí àjọ àwọn nọ́ọ̀sì ní Àbújá sọ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìwé-àṣẹ rẹ̀ kí àwọn tó lè bá a kọ ọ́ ránṣẹ́. Inú bí àwọn nọ́ọ̀sì nígbà náà. Ó kéré tán, wọ́n mọ ọ́fíìsì tí wọ́n ń bínú sí, wọ́n sì mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ta ni ẹni tó sá kúrò ní Bouaké ní ọdún 2002 máa kọ̀wé sí? Ìlú náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti sá lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, àwọn báńkì tìlẹ̀kùn ní Àbíjàn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó tilẹ̀ rí ọ́fíìsì kan tó ṣí, kò rí ibi tó ti máa gba owó tó máa san. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ìjọba tó yẹ kó kọ lẹ́tà náà gan-an ni wọ́n ń sá fún. Bí ẹni tí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ń wá bá kọ̀wé padà láti béèrè ìwé, ó ti fi ibi tó sá pamọ́ sí hàn wọ́n nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí àwọn tó ṣe òfin àgbáyé. Nínú àdéhùn ọdún 1951 lórí àwọn ogunléndé, èyí tí Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà ní ọdún 1967, abala kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sọ pé bí ogunléndé bá nílò ìwé láti ọ̀dọ̀ ìjọba tí kò lè tọ̀ lọ mọ́, orílẹ̀-èdè tó gbà á sílé ni kó bá a wá ọ̀nà rẹ̀, kí ìwé tí wọ́n bá sì fún un dúró ní ipò èyí tí kò rí gbà. Abala kọkàndínlógún tún sọ pé kí wọ́n ṣe dáadáa tó bá ti lè ṣeé ṣe fún ogunléndé tó ní ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ bíi ti dókítà, bí àwọn aláṣẹ ilẹ̀ náà bá ti gba ìwé-ẹ̀rí ọ̀hún. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lórí ìwé.

Ìyàlẹ́nu tó wà níbẹ̀ fún Èjìgbò rèé. Ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà ni lábẹ́ òfin ọdún 1999. Ọmọ Èjìgbò tí wọ́n bí ní Àbíjàn, tó kàwé ní Àbíjàn, tí kò mọ Èjìgbò ju ìgbà ọdún lọ, kì í ṣe ogunléndé bí ogun bá lé e wá sílé. Ọmọ onílé ni. Àdéhùn ọdún 1951 kò sì kan ọmọ onílé. Lórí ọ̀rọ̀ ìwé-àṣẹ yìí, àjèjì tó sá wá láti Cameroon ní ibi kan nínú òfin àgbáyé tó lè tọ́ka sí, ọmọ bíbí Èjìgbò kò ní. Àwọn àgbà tí wọ́n lé kúrò ní Ghana ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, lábẹ́ ìjọba Busia, á rántí bó ṣe máa ń rí kéèyàn dé ilé, kí ilé má sì mọ ibi tó máa fi òun sí.

Ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀, ó sì jinlẹ̀ ju pé kéèyàn mọ “bonjour” àti “good morning” lọ. Ẹ mú ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí nọ́ọ̀sì Nàìjíríà bá wọn ìfúnpá aláìsàn, tó rí 140 lókè, 90 nísàlẹ̀, 140/90 ló máa kọ. Aláìsàn kan náà, lọ́jọ́ kan náà, ní Àbíjàn, 14/9 ni wọ́n máa pe tirẹ̀, torí pé sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń kà á níbẹ̀, mìlímítà ni wọ́n fi ń kà á níbí. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tí yàrá àyẹ̀wò kan máa kọ ní 110 níbí, 1,10 ló máa jẹ́ lọ́hùn-ún, torí pé gíráàmù ni tiwọn. HIV ni tiwa, VIH ni tiwọn. Ibà ni “palu” lẹ́nu wọn. Èèyàn tó ti mọ iṣẹ́ lè kọ́ gbogbo rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ bí kò bá tíì kọ́ ọ, tí wọ́n gbé ìwé aláìsàn tó ní àtọ̀gbẹ lé e lọ́wọ́ lóru, ewu wà ńbẹ̀. Nítorí náà, àjọ tó bá ní kí ẹni tó kàwé ní èdè Faransé wá ṣe ìdánwò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ṣìkà. Ohun tó kù ni pé kí ibi tí wọ́n á ti kọ́ ọ kó tó ṣe ìdánwò náà wà.

Nígbà tí kò bá sí irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni iṣẹ́ máa ń gbà. Ta ni kò mọ àwọn tí wọ́n ń pè ní auxiliary nurse ní ilé ìwòsàn aládàáni káàkiri ilẹ̀ wa? Púpọ̀ nínú wọn kò kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé ẹ̀kọ́ kankan. Ẹ wò ó bó ṣe máa rí, bí agbẹ̀bí tó fi ọdún mẹ́ta kàwé ní Àbíjàn, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń béèrè oúnjẹ, bá gbà kí wọ́n gba òun lábẹ́ orúkọ yìí. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n máa san fún un. Iṣẹ́ agbẹ̀bí gidi ni wọ́n máa gbé fún un, torí pé onílé ìwòsàn kò ní í pẹ́ mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Bí ìyá ọmọ bá wá ṣàn ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí wàhálà dé, òun tí kò ní ìwé-àṣẹ ni ọlọ́pàá máa mú. Onílé ìwòsàn lè sọ pé agbálẹ̀ ni òun gbà á fún.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti kojú ọ̀rọ̀ yìí rí. Nígbà ogun Hitler, Britain ní àwọn dókítà tó sá wá láti Jámánì, Austria àti Czechoslovakia lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ dókítà ilẹ̀ náà kò kọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n pọ̀ láàrin wọn. Ní ọdún 1941, nígbà tí ogun ti kó àwọn dókítà tiwọn lọ, ìjọba ṣí ìwé orúkọ onígbà díẹ̀ fún àwọn àjèjì náà, wọ́n sì wọ ilé ìwòsàn lọ ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ti ọdún tó ṣáájú. Àìní ilẹ̀ náà ló yí padà.

Ní Britain kan náà, ní ìlú Salford lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester, ibi tí ọmọ Yorùbá kò ṣọ̀wọ́n, wọ́n dá ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 2003, tí wọ́n sọ ní REACHE North West. Dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn tó jẹ́ ogunléndé ni wọ́n ń gbà síbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń múra wọn sílẹ̀ fún ìdánwò, wọ́n ń kọ́ wọn bí dókítà ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ náà, wọ́n sì ń bá wọn wá ààyè láti tẹ̀lé àwọn ọ̀gá ní ilé ìwòsàn ìjọba. Àjọ tó ń fún dókítà láṣẹ níbẹ̀ náà ń ran ogunléndé lọ́wọ́ lórí owó ìdánwò. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé kí wọ́n má ṣe ìdánwò o. Ìdánwò kan náà tí ọmọ Nàìjíríà tó fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀ òfuurufú lọ ń ṣe ni àwọn náà ń ṣe. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ní ìkòtò tirẹ̀: ẹni tí ìjọba kò tíì fún ní ìwé pé ó jẹ́ ogunléndé kì í sábà rí àṣẹ láti ṣiṣẹ́ kankan, ìdúró náà sì lè gba ọdún. Ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ tó wà nílẹ̀ lásán fún ọdún mẹ́ta kì í rí bákan náà mọ́.

Turkey gba ọ̀nà mìíràn. Ogunléndé láti Syria tó wà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta nígbà kan, púpọ̀ nínú wọn kò sì gbọ́ èdè Turkey. Láti nǹkan bí ọdún 2016, ìjọba ilẹ̀ náà àti àjọ ìlera àgbáyé, WHO, bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì Syria lẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ilé ìwòsàn pàtàkì ní ìlú méje. Lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí àwọn ọ̀gá ti wo ọwọ́ wọn, wọ́n gbà wọ́n sí ilé ìwòsàn tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ogunléndé, kí wọ́n máa tọ́jú àwọn èèyàn wọn. Àṣẹ náà kò tó láti fi ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó sílé.

Ní ti ìwé tó sọnù, àjọ Council of Europe bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2017, nínú èyí tí àwọn onímọ̀ á fi ọ̀rọ̀ wá ogunléndé lẹ́nu wò, wọ́n á yẹ ìwé díẹ̀ tó bá kù lọ́wọ́ rẹ̀ wò, wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n gbà pé ó kọ́ sílẹ̀ fún un. UNESCO gbé irú rẹ̀ wá sí Áfíríkà, Zambia ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ dán an wò. Ìwé náà kì í ṣe ìwé-àṣẹ. Ohun tó ń ṣe ni pé kí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ má tì mọ́ èèyàn lójú.

Kí ló wá wà nílẹ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwa? Lórí ìwé, ó pọ̀. Láti ọdún 1979 ni ECOWAS ti ṣe àdéhùn pé kí ọmọ ẹgbẹ́ lè wọ ilẹ̀ ara wọn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, wọ́n fi ẹ̀tọ́ àtigbé kún un ní ọdún 1986, wọ́n sì fi ẹ̀tọ́ àtidá iṣẹ́ sílẹ̀ kún un ní ọdún 1990. Ní ọdún 2003, wọ́n fọwọ́ sí òmíràn ní Dakar, pé kí wọ́n máa gba ìwé-ẹ̀rí ara wọn. Àjọ ìlera Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, WAHO, tún ti ṣiṣẹ́ lórí ètò ẹ̀kọ́ kan náà fún àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, kí ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilẹ̀ Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì lè bára mu. Bí gbogbo èyí bá ti dé orí tábìlì tí nọ́ọ̀sì ti ń béèrè fún ìwé-àṣẹ, àpilẹ̀kọ yìí kò bá tí pọn dandan.

Nàìjíríà sì ti gba ogunléndé rí, ó ń gbà wọ́n síbẹ̀. Àwọn ará Liberia àti Sierra Leone gbé ní àgọ́ Orù ní ìpínlẹ̀ Ògùn fún ọdún púpọ̀, ní ọdún 2007 sì ni ìjọba Nàìjíríà, ìjọba orílẹ̀-èdè méjèèjì, ECOWAS àti àjọ ogunléndé ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn pé kí àwọn tí kò fẹ́ padà lè gbé níbí. Láti ìparí ọdún 2017 ni àwọn ará Cameroon tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọdá wá sí Cross River, Benue, Taraba àti Akwa Ibom. Ní Adagom, ní agbègbè Ògójà, ni ọ̀kan nínú àwọn ibùdó wọn wà. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tó kàwé nọ́ọ̀sì ní Bamenda tàbí Buea fi kàwé. Ìdíwọ́ èdè tó wà fún ará Àbíjàn kò sí fún un. Lẹ́tà láti Yaoundé nìkan ni ìṣòro, Yaoundé kan náà tí àwọn tó ń jà ní ilé rẹ̀ ń bá jà. Àṣẹ láti gbé ilẹ̀ wa wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Àṣẹ láti gún abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ àjọ àwọn nọ́ọ̀sì, ọ̀kan kò sì lè dúró fún èkejì.

Ohun tí ó yẹ kí àwọn àjọ wọ̀nyí ṣe kò nira púpọ̀ láti rí: kí wọ́n mú ìdánwò le bí wọ́n bá ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n bí ogun bá ti lé ẹnìkan wá, kí wọ́n gba ẹ̀rí mìíràn dípò lẹ́tà tí kò lè rí gbà, ì báà jẹ́ ọmọ Cameroon, ì báà jẹ́ ọmọ Èjìgbò. Iṣẹ́ oṣù mélòó kan lábẹ́ ọ̀gá, ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó wà ní Òṣogbo tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí Èjìgbò, á sọ òótọ́ nípa ọwọ́ agbẹ̀bí ju òǹtẹ̀ lọ. Ní ti èdè, abúlé èdè Faransé tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Àjàrá, Badagry, ti ń kọ́ ọmọ Nàìjíríà ní Faransé láti ìgbà pípẹ́. Àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀ mọ èdè méjèèjì, wọ́n sì lè rí ọ̀nà gbà kọ́ ẹni tó ń ti Faransé bọ̀ wá sí Gẹ̀ẹ́sì.

Kó tó dìgbà náà, iṣẹ́ kan wà tí àwọn òbí ní Èjìgbò lè ṣe láìdúró de Àbújá. Ìdìbò ààrẹ Ivory Coast ní ọdún 2020 la ẹ̀mí lọ, òmíràn sì tún wáyé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń gbọ́ rédíò tọwọ́-tẹsẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí ní INFAS, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera níbẹ̀, tàbí tó ti kàwé tán tó ń ṣiṣẹ́, kó sọ fún un pé kó gba ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí nísinsìnyí tí ọ́fíìsì ṣì ṣí. Kó gba àkọsílẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́ tó kọ́ àti wákàtí tó lò ní ilé ìwòsàn, kó gba lẹ́tà láti ibi iṣẹ́, kó jẹ́ kí ògbufọ̀ tó mọ iṣẹ́ túmọ̀ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì, kó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sílé. Mọ́tò Àbíjàn ń wọ Èjìgbò déédéé, ìwé kò sì wúwo.